Rọ́ọ̀dù tá a tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin tójú ò rí

Tẹ́ ẹ bá gba Adátán lọ sápá Obantoko l'Abẹ́òkúta níbí, ẹ ó rí i pé ilé tí wọ́n kọ́ dé dẹ́kìn tí wọ́n wá dá dúró pọ̀ lọ súà, rọ́ọ̀dù á kàn yọ jáde lórí òpó bí irun tí wọn ò gẹ̀. Owó ló máa ń tán. Àwọn tó bá lọ́mọ kékeré nílé á ní kí bẹ́ńdà bá àwọn tẹ rọ́ọ̀dù yẹn mọ́lẹ̀ kó má gún ẹnikẹ́ni lójú, tówó bá dé wọ́n á gbé e dìde padà. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, a ní ká máa bá iṣẹ́ lọ, bẹ́ńdà wa fi páìpù bọ rọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ó gbé e, ó dìde. Ìkejì náà dìde. Ìkẹta ò tíì dìde dé ìdajì tá a fi gbọ́ "kà!", ó kán síbi tá a ti tẹ̀ ẹ́ gan-an, páìpù bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, díẹ̀ ló kù kó já látorí dẹ́kìn sílẹ̀. Mo mú èyí tó kán lọ́wọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò fà kó tó já, kò tín-ín-rín níbì kankan, ojú ibi tó ti kán ń dán wínníwínní bí ìgbà téèyàn la búlọ́ọ̀kù iyọ̀ sí méjì.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní fèékì ni wọ́n tà fún wa. Èmi náà ti fẹ́ gbà, àfi ìgbà tí mo rántí pé àjẹkù rọ́ọ̀dù ọjọ́ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n jọ wá látinú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ọjọ́ kan náà, ìdì kan náà. A fà á jáde, a tẹ̀ ẹ́ yípo, ó tẹ̀ bí wáyà, a nà án padà, kò kán. Tó bá jẹ́ pé fèékì ni èyí tó kán, kí ló dé tí ìbejì ẹ̀ ò kán?

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi débi tí mo bá a dé yìí, mo sì rò pé ó yẹ ká jọ sọ ọ́ dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ilé wa nìkan. Bí rọ́ọ̀dù tuntun ṣe gbówó lórí yìí, àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ ti ń yọ rọ́ọ̀dù inú ẹ̀, wọ́n á fi òòlù nà án, wọ́n á tà á fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó tuntun rà. Lójú, ó gún, ó nípọn, kò sóhun tó ṣe é. Látìgbà tí ilé alájà 21 sì ti wó ní Ìkòyí lóṣù November 2021, tílé ìwé tún wó lé àwọn ọmọ lórí ní Jos lóṣù July 2024, kò sígbà tílé wó tá ò ní sọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn. Mi ò sọ pé rọ́ọ̀dù ló wó àwọn ilé yẹn o, ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè ohun tójú rọ́ọ̀dù ti rí kó tó dọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú òkúta, ṣebí abẹ́ òkúta la wà. Ẹ mú ẹyọ òkúta kan lápá Olúmọ, ẹ gbé e sí oòrùn, ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ ó rí i pé ó ń dán níbí, ó ń dán lọ́hùn-ún, àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú tó rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, àwọn kan pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Hóró kírísítà ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kírísítà ni ohun tí átọ́mù inú ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, tí ìtò yẹn ń tún ara ẹ̀ ṣe lọ títí, bí ọnà tí wọ́n fi pátákó tẹ̀ sára àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan, láti etí aṣọ dé etí kejì. Iyọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ṣúgà rí bẹ́ẹ̀, irin náà rí bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò lè fojú rí tirẹ̀. Ọdún 1912 ni Max von Laue àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Munich lórílẹ̀-èdè Jámánì tan X-ray gba inú kírísítà kọjá, ìmọ́lẹ̀ náà sì tò sórí fíìmù ní tótó-tòtò lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ layé ti rí ẹ̀rí pé lóòótọ́ ni átọ́mù tò. Tẹ́ ẹ bá mú rọ́ọ̀dù 12 mm, tẹ́ ẹ ka átọ́mù irin láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 40.

Kò wá sí bí ogójì mílíọ̀nù èèyàn ṣe máa tò sórí ìlà kí gbogbo ìlà náà gún. Ibẹ̀ ni àléébù ti ń wọlé.

Àgbàdo ló yé mi jù láti fi ṣàlàyé ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra àgbàdo sísè ní Kútọ̀, kẹ́ ẹ tó gé e jẹ, ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa. Hóró tò lórí ìlà, ìlà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ẹ ó ríbi tí hóró kan ò sí rárá, tí ojú ihò lásán wà. Nínú kírísítà, àyè òfìfo nìyẹn, átọ́mù tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ ó rí hóró dúdú kan láàárín funfun, ìyẹn àrọ́pò, átọ́mù ẹlòmíì tó jókòó sáàyè onílé. Ẹ ó sì rí hóró bíńtín kan tó fún ara ẹ̀ sáàárín hóró ńlá méjì tí ò ní àyè tiẹ̀ lórí ìlà kankan. Ìyẹn làwọn onímọ̀ ń pè ní interstitial, èmi á pè é ní àfúnsáàárín. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n wà, wọn ò gùn, wọn ò fẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àṣìṣe ẹni tó ṣe irin ni àyè òfìfo. Ooru ló ń dá a sílẹ̀ fúnra ẹ̀, bí irin bá ṣe ń gbóná sí i ló ń pọ̀ sí i, nígbà tó bá fi máa kù díẹ̀ kí irin yọ́, ó máa tó bí àyè òfìfo kan nínú átọ́mù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Kódà iyọ̀ inú ọbẹ̀ wa ní tiẹ̀, àmọ́ tiwọn máa ń lọ ní méjì méjì, tí sodium kan bá kúrò, chlorine kan náà á kúrò kí iná mànàmáná inú ẹ̀ lè dọ́gba. Orúkọ Walter Schottky ará Jámánì ni wọ́n fi ń pe irú yẹn. Èyí tí átọ́mù ti fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lọ fún ara ẹ̀ sáàárín àwọn mìíì, orúkọ Yakov Frenkel ará Rọ́ṣíà ni wọ́n fi pè é, irú ẹ̀ ló sì wà nínú fíìmù àtijọ́ tí àwọn fotogíráfà ń kì sínú kámẹ́rà, fàdákà tó ń rìn láàárín kírísítà yẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí fọ́tò jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àgbàdo wa torí ibi tó kàn ni ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀dù wà. Tẹ́ ẹ bá ń tọ ìlà kan lọ láti ìdí ṣùkù, nígbà míì ẹ ó ṣàdédé rí i pé ìlà mìíì bẹ̀rẹ̀ láàárín, kò ti ìdí wá, ńṣe ló kàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìlà ọ̀tún àtòsì sì ní láti yà fún un. Ibi tí ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti fún mọ́ra. Irú ẹ̀ nínú kírísítà ni wọ́n ń pè ní dislocation, kì í sì wà lójú kan bí ti àkọ́kọ́, ó máa ń gùn bí okùn gba inú irin lọ.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà dùn mọ́ mi gan-an. Ní 1926, Frenkel tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn jókòó, ó ṣírò agbára tó yẹ kó ná èèyàn kí ìpele átọ́mù kan tó lè yọ̀ lórí ìkejì, ìṣírò náà sì fi hàn pé irin yẹ kó le ju bó ṣe le lọ níìlọ́po ọgọ́rùn-ún, níbòmíì ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ìyẹn ni pé rọ́ọ̀dù tí bẹ́ńdà ń fi páìpù tẹ̀, kò yẹ kó ṣeé tẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí àlàyé tó dé, nígbà tó sì máa dé, èèyàn mẹ́ta ló gbé e dé lọ́dún kan náà, G. I. Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, ní 1934. Wọ́n ní ìpele átọ́mù kì í yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe ń sún kápẹ́ẹ̀tì ńlá nínú pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá di etí ẹ̀ mú tẹ́ ẹ fà á, kò ní lọ, ẹ̀yìn lẹ ó fi gbà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ká apá kan rúńkú, tẹ́ ẹ wá ń fi ẹsẹ̀ ti rúńkú yẹn lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé etí kejì, kápẹ́ẹ̀tì á ti sún, ọmọdé pàápàá lè ṣe é. Dislocation ni rúńkú yẹn. Òun ló ń rìn nínú irin nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ní 1956 làwọn ará Cambridge fi máíkírósíkóòpù alátagbà electron rí i tó ń rìn pẹ̀lú ojú ara wọn.

Nítorí náà, àléébù yìí gan-an ló ń jẹ́ kí irin tẹ̀ dípò kó fọ́ bí àwo. Ilé tí rọ́ọ̀dù inú ẹ̀ lè tẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sán, á kọ́kọ́ wọ́, àwọn èèyàn á ríbi sá jáde. Mi ò lè ṣàì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí pé kí okùn inú irin yẹn ráyè rìn.

Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́? Ẹ mú báídin wáyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ á rọ̀. Ìkẹta, ìkẹrin, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹ fọwọ́ kàn án ẹ ó rí i pé ó gbóná, nígbà tó bá yá á já. Ìdí ni pé bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni dislocation ń bí sí i, wọ́n ń ta kókó mọ́ra wọn bí òwú tọ́mọdé fi ṣeré, okùn kan ò ráyè kọjá nítorí okùn kejì. Nínú irin tí wọ́n ti yan kó rọ̀, tó kéré ju hóró ṣúgà oníkúùbù kan lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, tẹ́ ẹ bá na gbogbo dislocation inú ẹ̀ tán, ó máa tó bí kìlómítà 10. Tí wọ́n bá ti lù ú gidi tàbí tẹ̀ ẹ́ gidi láìyan án, ó máa ń ju 100,000 kìlómítà lọ, ó lè yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì kó tún ṣẹ́kù.

Bó ṣe rí nìyẹn lójú ibi tí bẹ́ńdà wa tẹ rọ́ọ̀dù sí. Páìpù ló fi tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin mọ́ ìdí òpó, kò jẹ́ kó rọra yípo. Àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó láti pa á, ṣebí àjẹkù tá a tẹ̀ tá a nà lọ́jọ́ kan náà ò kán. Ọdún mẹ́ta tó wà láàárín ló ṣe ìyókù.

Nínú rọ́ọ̀dù, kì í ṣe irin nìkan ló wà ńbẹ̀. Carbon wà níbẹ̀, nitrogen náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lára carbon ti so mọ́ irin, ó ti di ìpele líle tó tẹ́ sáàárín, òun ló ń jẹ́ kí irin le, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ṣì wà gẹ́gẹ́ bí àfúnsáàárín, hóró bíńtín tí ò nílé. Irú hóró bẹ́ẹ̀ ń wá ibi tí àyè ti fẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín yẹn gan-an ni àyè sì wà. Bí wọ́n ṣe ń rákò lọ síbẹ̀ nìyẹn, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á lọ kó ara wọn jọ yí dislocation ká tí ò fi ní lè mira mọ́. Alan Cottrell àti Bruce Bilby ló ṣe àlàyé èyí ní 1949. Nínú òtútù, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀dù tó wà lórí dẹ́kìn l'Abẹ́òkúta, tí oòrùn oṣù kejì oṣù kẹta ń pa láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ooru yẹn ń bá wọn yára ni. Lọ́jọ́ tá a wá fi páìpù gbé e, okùn tó yẹ kó rìn ti wà lẹ́wọ̀n, irin ò rí ọ̀nà tẹ̀, ó wá kán. Rọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ nínú ilé àtijọ́, ibi tí wọ́n ti fi òòlù na ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣe é, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé tiwọn ti tó ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún.

Irú àléébù mìíì wà tó tóbi ju okùn lọ, èyí ẹ lè fi ojú lásán rí i. Ẹ wo páànù onísíǹkì tó bá ṣì tuntun, tàbí garawa irin. Ẹ ó rí nǹkan bí òdòdó tó dán lára ẹ̀, ọ̀kan kọjú sápá ibí, ọ̀kan kọjú sápá ọ̀hún. Hóró kírísítà síǹkì ni ìkọ̀ọ̀kan, ìlà tó pín wọn níyà ni ààlà hóró. Nínú hóró kan átọ́mù tò dáadáa, nínú hóró kejì wọ́n tò dáadáa, àmọ́ ìtò wọn ò bára mu níbi ààlà. Rọ́ọ̀dù kún fún irú hóró bẹ́ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé wọ́n kéré gan-an, bí wọ́n bá sì ṣe kéré tó ni irin ṣe ń le tó, torí dislocation tó ń rìn bọ̀ á kọlu ààlà, á dúró. Hall rí èyí ní 1951, Petch rí i ní 1953. Ṣùgbọ́n ààlà náà ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Púpọ̀ nínú rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń yọ nílẹ̀ wa, páńtí irin ni wọ́n fi ṣe é, mọ́tò àtijọ́, ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀. Tí wáyà kọ́pà àti táńganran bá bá a wọlé, kò sí bí iná ilé irin ṣe lè yọ wọ́n kúrò, wọ́n á jókòó síbẹ̀, tí irin bá ń gbóná lábẹ́ rola á máa ya. Phosphorus náà tó bá pọ̀ jù, ojú ààlà ló ń lọ, irin á wá máa ṣẹ́ bí bísíkíìtì. Ìyẹn gan-an ló yẹ kéèyàn pè ní fèékì, gígùn àti sísanra nìkan kọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí kéèyàn fi iná sí i kó pọ́n kó tó tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni pé iná ń tú okùn ká, torí nínú ooru átọ́mù máa ń gba inú àyè òfìfo yẹn rìn, wọ́n á tún ara wọn tò, ohun tí alágbẹ̀dẹ ń lò nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀dù ìwòyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti fi omi tutù lù nígbà tó ń jáde pípọ́n nílé iṣẹ́, ara òde ẹ̀ le ju inú lọ, líle ara òde yẹn ni wọ́n ń tà fún yín. Tẹ́ ẹ bá tún dáná sí i lábẹ́ mángòrò tẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, ẹ ti yọ líle yẹn dànù. Á tẹ̀ lóòótọ́, kò ní kán, àmọ́ kì í ṣe rọ́ọ̀dù tẹ́ni tó ya pílánù rò tì mọ́.

Mo fẹ́ fi sólà kún un díẹ̀, torí látìgbà tí owó iná àwọn tó wà ní Band A ti di ₦225 lórí yúnìtì kan lóṣù April 2024, kò sí àdúgbò tí wọn ò ti ń gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé. Silicon inú ẹ̀, kírísítà ni. Tó bá mọ́ tónítóní láìní àrọ́pò kankan, kò wúlò fún iná. Àrọ́pò ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, boron lápá kan, phosphorus lápá kejì, níbòmíì kò ju átọ́mù kan nínú mílíọ̀nù mélòó kan lọ, ibi táwọn méjèèjì ti pàdé ni iná ti ń jáde. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù tó rí àbúlẹ̀ àbúlẹ̀ yẹn ni poly, hóró kírísítà lẹ ń rí, ààlà wọn sì ń gbé lára iná jẹ. Mono dúdú dọ́gba torí hóró kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì rìn lórí pánẹ́ẹ̀lì nígbà tó ń so ó, ó lè ti dá sísán sínú kírísítà yẹn, gíláàsì òkè lè máà fọ́ rárá.

Lórí rọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó gbọ́ tèmi, ẹ gbọ́ ohun táwọn tó ń ṣòfin irin ṣe. Nínú ìlànà BS 4449 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí wọ́n tẹ rọ́ọ̀dù dé 90 dígírì, kí wọ́n wá fi sínú ooru 100°C, bí omi tó ń hó, kó tutù, kí wọ́n wá nà án padà ní 20 dígírì ó kéré tán, kò gbọdọ̀ sán. Ooru yẹn ni wọ́n fi dípò oṣù àti ọdún, torí ó ń jẹ́ kí carbon àti nitrogen tètè débi tí wọ́n ń lọ. Ẹ rí i pé 20 dígírì ni wọ́n ní kí wọ́n nà án, wọn ò ní kó dìde tán o. Àwa, gbogbo 90 la fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ẹnjiníà tá a pè wá wò ó, ó wo àwọn tó dìde láìkán náà, ó ní òun ò fọkàn tán ìkankan nínú wọn, pé sísán lè ti wà nínú ìgbọ̀nwọ́ wọn tójú ò rí. Ó ní ká fọ́ orí òpó wálẹ̀ títí a ó fi rí 60 sẹ̀ǹtímítà irin tí wọn ò tẹ̀ rí, ìyẹn àádọ́ta ìgbà ìbú rọ́ọ̀dù 12 mm, ká gé gbogbo ìgbọ̀nwọ́ yẹn dànù, ká wá so tuntun pọ̀ mọ́ ọn gba gbogbo gígùn yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi fọ́ òpó mẹ́fà. Àwọn tí kò tíì kàn ní àkókò yìí, a ò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ mọ́, páìpù PVC la kì bọ̀ wọ́n lórí, a fi ọ̀dà pupa kùn ún káwọn ọmọ lè rí i látòkèèrè.